Fóòmù kọ́ ni tábìlì sítúdíò yín nílò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ kan tábìlì sítúdíò sí yàrá mi. Pákó tó nípọn wo ni kí n rà, ṣé kí n sì fi fóòmù bo orí rẹ̀ kí ohùn má baà máa ta padà?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó fóòmù yẹn sápò. Ó ti sú mi láti máa dáhùn èyí, àmọ́ àwọn tó ń ta fóòmù ò jẹ́ kó tán. (Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri nítorí ohùn ńkọ́? Ẹ má tiẹ̀ bi mí.)

Ọ̀nà méjì ni ohùn sípíkà ń gbà dé etí. Ọ̀kan wá tààrà, èkejì á kọ́kọ́ lu orí tábìlì. Ká ní ẹnu sípíkà fi 30 cm ga ju orí tábìlì lọ, tí etí yín fi 45 cm ga jù ú, tí mítà kan sì wà láàárín sípíkà àti ẹ̀yin, ọ̀nà kejì á fi nǹkan bíi 24 cm gùn ju ti àkọ́kọ́. Tí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́ ní nǹkan bíi 700 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), àárín ibi tí ohùn olórin wà gan-an. Ẹ ó wá máa fi EQ (ohun tí a fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí sílẹ̀) gbé ohun tí tábìlì gbé mì sókè. Tí orin náà bá dénú mọ́tò, níbi tí kò sí tábìlì, ohùn olórin á máa dún bíi pé imú ló fi ń kọrin. Fóòmù 2.5 cm, ohùn tó tín-ín-rín nìkan ló ń rí mú. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó 700 Hz.

Pákó tó nípọn náà ò ràn án. Kí tábìlì má baà tẹ̀ la ṣe ń wá ìnípọn: plywood 18 mm méjì tí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ tó. Tó bá gùn ju 120 cm lọ, ẹ fi igi gbè é lábẹ́ lápá ẹ̀yìn, kí orúnkún lè ráyè.

Kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan, ẹ gbé sípíkà sórí ìdúró tirẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, ẹnu rẹ̀ ní ọ̀gbọọgba etí. Ìyẹn nìkan ò tó o. Ẹ jókòó, kí ẹnì kan máa wọ́ dígí lórí pákó. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí ni ohùn ti ń ta. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Kò ní tán pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ràkì (àyè tí a ń to ẹ̀rọ sítúdíò sí), ojú ẹ̀rọ fẹ̀ ní 482.6 mm, 1U, ìyẹn ìwọ̀n gíga kan nínú ràkì, sì ga ní 44.45 mm. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fojú díwọ̀n rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ara ògiri lẹ fẹ́ so tábìlì mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ wo ògiri náà kẹ́ ẹ tó lu ihò. Èmi ò rí i, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà.