Bí fáìlì méjèèjì tí ẹ kà láti inú chip BIOS kò bá bára mu, ẹ má tíì kọ nǹkan kan sórí chip yẹn

Ẹ ní iná lọ nígbà tí ẹ ń fi BIOS tuntun (ètò tó ń jí laptop dìde) sórí laptop yín, kò sì tàn mọ́. Ẹ ra CH341A, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ka chip tí a sì fi ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, àti clip rẹ̀ tó ń di ẹsẹ̀ chip mú, ẹ fi ètò tó ń jẹ́ flashrom ka chip tí BIOS wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fáìlì méjèèjì kò bára mu. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, rárá o! Ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Tèmi, iná Caps Lock nìkan ló ń ṣẹ́jú. Ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà kò tilẹ̀ tú u tó fi ní board ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Inú ṣì ń bí mi sí i dòní. Board kankan ò kú! Ohun tó wà nínú chip ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tí kò tó èékánná ìka kékeré ló dàrú.

Mo gbé e délé, mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fi BIOS tí mo wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò apá tó bàjẹ́ nínú fáìlì náà, mo sì kọ ọ́ padà. Flashrom kọ VERIFIED, mo dìde, mo dúpẹ́. Mo tan laptop, Caps Lock gan-an ò ṣẹ́jú mọ́. VERIFIED yẹn ò sọ pé ohun tí mo kọ dára. Ohun tó ń sọ ni pé bí mo ṣe kọ ọ́ ló ṣe wà níbẹ̀. Clip kò di ẹsẹ̀ chip mú dáadáa nígbà tí mo ń kà á, ìdọ̀tí ni mo kà, ìdọ̀tí náà ni mo kọ padà lé ojúlówó lórí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ laptop lọ, MAC address (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá a mọ̀) lọ, lísẹ́ńsì Windows bá a lọ. Ọ̀rẹ́ kan tó ní irú rẹ̀ ló fún mi ní tirẹ̀ kà. Ó tàn, àmọ́ títí dòní nọ́ńbà laptop tirẹ̀ ló ń jáde lórí tèmi.

Ẹ yọ bátìrì, títí kan èyí kékeré tó rí bí owó ẹyọ. Ẹ fi spirit nu ẹsẹ̀ chip. Wáyà pupa ara clip, ẹsẹ̀ kìíní ló ń lọ, lẹ́bàá àmì róbótó ara chip. Bí FF (àmì òfìfo) nìkan bá kún inú fáìlì, clip kò tíì dì í mú. Ẹ tún un tò, ẹ tún un kà, títí mẹ́ta tẹ̀ léra yóò fi jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ ka nọ́ńbà orí chip pẹ̀lú o: W25Q64FV ń lo 3.3V, W25Q64FW ń lo 1.8V. Bí tiyín bá jẹ́ FW, ẹ má fi clip kàn án láìsí adapter tó ń rẹ iná sílẹ̀ sí 1.8V, kí chip má bàa jó. CH341A dúdú yẹn tilẹ̀ máa ń ti 5V gba ojú wáyà dátà.

Tó bá sì jẹ́ HP ni, ṣé ẹ ti gbìyànjú láti tẹ bọ́tìnì Windows àti B pọ̀, pẹ̀lú flash tí a fọ́mátì sí FAT32 tí BIOS wà lórí rẹ̀, kí laptop lè dá BIOS padà fúnra rẹ̀, kí ẹ tó tú u?