Fáìlì tí a save dáadáa ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù

Àbúrò, kó o tó ka ìyókù, jọ̀ọ́ má tẹ save mọ́ lórí fáìlì prógírámù ìsìnkú yẹn. Tó bá ṣì wà ní ṣíṣí, má pa á dé, máa tẹ Ctrl+Z lọ wò ná, torí undo ṣì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn téèyàn bá ti save, ìgbà tó o bá pa fáìlì dé ló máa ń lọ. Tó o bá ti pa á dé, wọ inú fódà tó wà, wá èyí tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Backup_of_, kọ́pì ẹ̀ síbòmíì kó o tó ṣí i. Ohun tó wà nínú fáìlì kó o tó tẹ save ìgbẹ̀yìn ni CorelDRAW, software tá a fi ń ya iṣẹ́ yìí, ń tọ́jú síbẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá ti yọ àmì ẹ̀ kúrò nínú Options. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń tọ́jú o. Tó o bá tún tẹ save lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tó bàjẹ́ yẹn náà ló máa di backup, ó parí nìyẹn.

Ṣé ohun tó o sọ rèé: prógírámù ìsìnkú lo ṣe, o convert gbogbo lẹ́tà sí curve, ìyẹn ìlà yíyà tí kò nílò fọ́ọ̀ntì mọ́, kó o tó gbé e fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, o save, nígbà tó di alẹ́ àwọn ọmọ olóògbé ní kó o bá àwọn yí orúkọ kan, o wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti di àwòrán, kò ṣe é tẹ nǹkan sí mọ́. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ náà tún pè pé fáìlì ò ṣí lọ́dọ̀ àwọn. O wá ń bèèrè pé kí wá ni autosave tó o tàn sílẹ̀ látọjọ́ yìí wà fún.

Torí iná ni wọ́n ṣe ṣe autosave. Auto-backup ti Corel máa ń ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ ní gbogbo ìṣẹ́jú tó o bá yàn fún un, tí iná bá lọ tí bátìrì UPS náà sì ti kú, nígbà tó o bá tún ṣí Corel á bi ẹ́ pé ṣé kóun gbé èyí tóun tọ́jú wá. Ó dáa, mi ò bú u. Àmọ́ tó o bá pa Corel dé wọ́ọ́rọ́wọ́, ńṣe ló máa palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́, torí lójú tiẹ̀ o ti save, kí ló tún kù? Photoshop tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe náà bẹ́ẹ̀ ni, láti ẹ̀yà CS6 ní 2012 ló ti ń tọ́jú ẹ̀dà sẹ́yìn fúnra ẹ̀, o lè ní kó máa ṣe é ní ìṣẹ́jú 10, ṣùgbọ́n tó o bá pa fáìlì dé láìsí ewu, ẹ̀dà yẹn ti lọ. Gbogbo wọn ń bẹ̀rù pé o ò ní save. Kò sí èyí tó ń bẹ̀rù pé o máa save. Èmi sì mọ̀ pé lẹ́nu iṣẹ́ tiwa yìí, ohun tí iná bà jẹ́ ò tó ìdajì ohun tí Ctrl+S, ìyẹn save, bà jẹ́.

Ṣómólú ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọṣẹ́ pọ̀ tí kọ̀ǹpútà ò pọ̀. Ẹnì kan nínú wa ṣí iṣẹ́ tí mo ń ṣe bọ̀, ó ní kóun kàn wo bí mo ṣe tò ó kóun fi ṣe ti kọ́sítọ́mà tòun, ó pa ọ̀rọ̀ tèmi rẹ́, ó tẹ tiẹ̀ síbẹ̀, ìka ẹ̀ lu Ctrl+S bí ìka gbogbo wa ṣe máa ń lù ú láìbéèrè lọ́wọ́ orí, ó tún ṣe bíi díẹ̀ ó tún save, ni Backup_of_ náà bá di tiẹ̀. Àwọn orin ìsìn lédè Yorùbá, ẹsẹ ẹ̀ àti ègbè ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn, ìtàn ìgbésí ayé bàbá láti ọjọ́ ìbí, inú ìwé tí a ti tẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò ni mo ti ń wò ó tí mo tún ń tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀gá wa wá ní látòní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí iṣẹ́ àtijọ́ láti fi ṣe tuntun. Inú fódà ni kó o ti kọ́pì ẹ̀, kó o yí orúkọ ẹ̀ padà níbẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó ṣí i. Àwọn kan ní Save As ti tó. Kò tó! Láàárín ìgbà tó o ṣí fáìlì àti ìgbà tó o máa rántí Save As, ìka rẹ ti tẹ Ctrl+S.

Ní ti curve, mi ò lè ní kó o má ṣe é, torí èdè wa gan-an ló ń jẹ́ ká máa ṣe é. Tó o bá gbé fáìlì lọ síbi tí fọ́ọ̀ntì rẹ ò sí, Corel á bèèrè pé fọ́ọ̀ntì wo lòun máa fi rọ́pò ẹ̀, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ á tẹ OK kó lè tètè ráyè, ni Ṣọlá bá di àpótí òfìfo kan àti "ọlá", àwọn ẹbí á ní ìwọ lo ba orúkọ àwọn jẹ́. Ó tún wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé lẹ́tà "ẹ" ní ààyè tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àtòjọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, "ẹ́" ò ní, lẹ́tà kan ni, àmì ohùn wá jẹ́ ohun kejì tí wọ́n gbé lé e, fọ́ọ̀ntì tí wọn ò ṣe dáadáa á sì gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi lu lẹ́tà. Nítorí náà Ctrl+Q, tó ń sọ lẹ́tà di curve, pọn dandan, ó kéré tán fún àwọn tó ń gba CDR, ìyẹn fáìlì Corel fúnra ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fáìlì tó o fi ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó o fi ń ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, Corel ò sì ní sọ fún ẹ láéláé. Lójú tiẹ̀, CDR ni CDR.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá wọn bínú nígbà tí GIMP, software míì tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ya save àti export sọ́tọ̀ nínú 2.8 ní 2012. Ariwo tí àwọn èèyàn pa nígbà yẹn ò kéré, pé ẹni tó ṣí JPEG, tó tún un ṣe, tó tẹ Ctrl+S, XCF, fáìlì ti GIMP fúnra ẹ̀, ni wọ́n fún un, pé ta ló bi wọ́n. Adobe tó ni Photoshop náà ṣe bíi tiwọn ní 2021, wọ́n kó JPEG àti PNG kúrò nínú Save As ti Photoshop lọ sínú Save a Copy, ariwo tún sọ, kò pẹ́ tí wọ́n fi ibì kan sínú Preferences tí èèyàn ti lè dá ti àtijọ́ padà. Ó bí èmi náà nínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí wọ́n kàn gbé nǹkan kúrò lọ́wọ́ èèyàn bí ẹni gbé àwo lójú àtijẹ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó o máa tún ṣe lọ́la lọ́tọ̀, èyí tó ń jáde lọ lọ́tọ̀. Ì bá wù mí kí Corel náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí curve, kó kàn bi mí pé "lẹ́tà ti kúrò nínú èyí o, ṣé lórí ti àkọ́kọ́ náà lo fẹ́ save é sí?" Mi ò ní ṣépè.

Bí èmi ṣe ń ṣe é báyìí, fódà kan fún iṣẹ́ kan, nínú ẹ̀ fódà kan wà tí mo kọ ṢIṢẸ́ sí, òmíràn wà tí mo kọ ÌTẸ̀ sí. Inú ṢIṢẸ́ ni lẹ́tà ti ń jẹ́ lẹ́tà. Ohunkóhun tó bá wọ ÌTẸ̀ ti kú, a ò ń ṣí i ṣàtúnṣe, tí kọ́sítọ́mà bá fẹ́ yí nǹkan, mo padà sí ṢIṢẸ́, mo tún un ṣe, mo tún gbé òmíràn jáde. Tí àwọn tó ń tẹ̀wé bá ń gba PDF, PDF ni mo ń fún wọn, fọ́ọ̀ntì á wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ curve ò tiẹ̀ ní wáyé. Orúkọ fáìlì, ọdún ni mo fi ń síwájú, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, torí bí kọ̀ǹpútà bá tò ó bẹ́ẹ̀, àtijọ́ á wà lókè, tuntun á wà nísàlẹ̀. Jọ̀ọ́ jáwọ́ nínú final, final2, final tòótọ́. Ìdílé olóògbé ò mọ ohun tó ń jẹ́ final. Wọ́n á ní kó o to orúkọ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe dàgbà sí, ìyàwó kejì á ní rárá, kó o tò ó ní ìyá-ìyá, olórí ẹbí á dé láti ìlú lọ́jọ́ kejì, á ní èyí tó o kọ́kọ́ ṣe yẹn dà? Gbogbo ìgbà tí kọ́sítọ́mà bá ti rí nǹkan, ẹ̀dà tó rí yẹn ni mo ń yà sọ́tọ̀, kì í ṣe ìgbà tí mo bá save.

Tó o bá ní data, Google Drive náà ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ fáìlì fún ọjọ́ 30 tàbí títí á fi pé 100, tó o bá gbé fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí níbi tí wọ́n kọ Manage versions sí. Ṣùgbọ́n CDR tí fọ́tò kún inú ẹ̀ bámúbámú, tó o bá ń gbé e lọ sókè ní gbogbo ìgbà tó o save, data á jẹ owó iṣẹ́ náà tán.

Ní ti fáìlì tí ò ṣí lọ́dọ̀ wọn, Corel wọn ló dàgbà ju tìrẹ. Èyí tó dàgbà kì í ṣí iṣẹ́ èyí tó jẹ́ tuntun. Bèèrè èyí tí wọ́n ń lò, kó o wá lọ sí Save As, wàá rí ibi tí wọ́n kọ Version sí nísàlẹ̀, nọ́ńbà ló máa wà níbẹ̀: X3 ni 13, X4 ni 14, X5 ni 15, X6 ni 16, X7 ni 17, X8 ni 18. Fún un ní orúkọ míì, kó o sì gbé e sínú ÌTẸ̀, torí lẹ́yìn Save As yẹn, èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ ti di ti àtijọ́ náà, bó o bá ń bá iṣẹ́ lọ, orí ẹ̀ lò ń ṣiṣẹ́. Pa á dé, kó o padà ṣí ti ṢIṢẸ́. Bí wọ́n bá ṣì ń lo X5 sí ìsàlẹ̀, wo àmì ohùn dáadáa kó o tó convert, torí inú X6 ni Corel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe OpenType, irú fọ́ọ̀ntì tó lè sọ ibi tí àmì máa jókòó lórí lẹ́tà, bó ṣe yẹ.

Tó bá jẹ́ pé Backup_of_ ò sí níbẹ̀, sọ irú Corel tó ò ń lò, kó o sì sọ bóyá orí fláàṣì lo ti ń ṣiṣẹ́ náà tàbí orí kọ̀ǹpútà gan-an. Tó bá jẹ́ fláàṣì, yọ ọ́ báyìí, má kọ nǹkan míì sí i kí n tó fèsì.