Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé: ṣé àwáwí ni?

Obìnrin kan láti Àkúrẹ́ béèrè pé: ṣé òwe "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé" kì í ṣe àwáwí tí àwọn oníṣègùn fi ń bo ara wọn? Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan l'Ọ́jà Ọba ló pa á fún un, lọ́jọ́ tí ìyá náà kọ̀ láti fún un ní pòròpórò tó funfun.

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Kì í ṣe àwáwí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye ewé nìkan ni òwe náà ń kà, bí ìgbà téèyàn bá gbàgbé ewúro nínú àgbo. Ìyẹn wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń jáwé tún máa ń wo ibi tí ewé ti hù, ìgbà tí wọ́n já a, àti ohun tójú rẹ̀ ti rí. Ewé lè wà nínú ìkòkò kó má sì pé.

Ẹ wo pòròpórò yẹn fúnra rẹ̀, ìdí ewé tó wé mọ́ igi ọkà bàbà. Irú ọkà ló kọ́kọ́ ń sọ bóyá yóò pọ́n. Ṣùgbọ́n pupa náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Èròjà méjì tí wọ́n ń pè ní apigeninidin àti luteolinidin ni, ìdílé flavonoid, èròjà tí ewé ń ṣe fúnra rẹ̀, ni wọ́n ti wá, ohun ìjà ọkà sì ni wọ́n. Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì, irú ohun tó ń mú kí nǹkan bu, bá fẹ́ gún sẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn yàrá kékeré tí ara ewé fi kọ́, wọlé, àwọn àpò kéékèèké tí kò láwọ̀ á yọ nínú sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n á rìn lọ síbi tí ọ̀tá wà, wọ́n á pọ́n, wọ́n á bẹ́. Ọ̀tá á kú, sẹ́ẹ̀lì náà á bá a lọ.

Ta ló ta sẹ́ẹ̀lì lólobó? Èérún ara fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Awọ sẹ́ẹ̀lì á dá a mọ̀, calcium á rọ́ wọlé, hydrogen peroxide á yọ, jasmonate, èròjà tí ewé fi ń ránṣẹ́, á gbé ìròyìn kiri, títí àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń mú kí flavonoid wà á fi jí.

Àwọn tó ń sin sẹ́ẹ̀lì ewé nínú ìgò mọ èyí dáadáa. Omi oúnjẹ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Murashige àti Skoog, gbé jáde ní 1962 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, pẹ̀lú ṣúgà gíráàmù 30 nínú lítà kan. Kò sí ọ̀dá, kò sí kòkòrò. Sẹ́ẹ̀lì á máa pọ̀ sí i, àmọ́ flavonoid inú rẹ̀ kì í sábà tó nǹkan, àfi bí wọ́n bá bu methyl jasmonate sí i, tàbí chitosan tó ti ara èèpo edé wá, kó lè rò pé ogun dé. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti sẹ́ẹ̀lì parsley, ewé ọbẹ̀ òyìnbó kan, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Klaus Hahlbrock àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Jámánì: nígbà tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ UV sí i, flavonoid ló ṣe, nígbà tí wọ́n fi èérún fọ́ńgọ́ọ̀sì kàn án, coumarin, èròjà ìjà mìíràn, ló ṣe. Ewé kan náà, ìṣòro ọ̀tọ̀, oògùn ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ìyá ẹlẹ́wé ni mo wà: ohun ìjà pupa yẹn kò sí nínú pòròpórò tó funfun. Ohun tí mi ò gbà ni ohun táwọn kan máa ń sọ, pé pupa pòròpórò ló ń di ẹ̀jẹ̀ lára. Àwọ̀ kì í di ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì padà sọ́jà, mà, ẹ ya pòròpórò náà wò: èyí tó pọ́n láti òde dé inú ni kí ẹ mú, èyí tó ti bu, tó ń rùn, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.