Ọmọ mi ka lọ́ọ̀ tán, ó ní àlùfáà lòun fẹ́ ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán la ti wá, ṣùgbọ́n Tanke n'Ílọrin níbí là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́ọ̀ ní Unilorin, àfi bó ṣe ní àlùfáà Áńgílíkà lòun fẹ́ ṣe, ó ní adájọ́ aláwọ̀ dúdú kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù àgbà nílùú òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn ń fi tù mí nínú ni? Ìyá Lọ́yà, Tanke.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, òótọ́ ló sọ. John Sentamu lorúkọ wọn, ọmọ Uganda, 1949 ni wọ́n bí wọn, ọmọ 13 ni wọ́n nílé, àwọn sì ni ìkẹfà. Wọ́n ka lọ́ọ̀ ní Makerere, wọ́n di adájọ́, wọn ò sì gbà kí ìjọba Idi Amin máa darí ẹjọ́ fáwọn, ni wọ́n bá tì wọ́n mọ́lé fún ọjọ́ 90, nígbà tó di 1974 wọ́n sá lọ sí Ìlú Ọba. Ìgbà tí wọ́n pa Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Janani Luwum ní Uganda ní 1977 ni wọ́n pinnu pé àwọn á rọ́pò ọ̀rẹ́ àwọn yìí, 1979 ni wọ́n fi wọ́n joyè àlùfáà.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn ò gbé lọ́ọ̀ yẹn sọnù o. Damilola Taylor, ọmọ tiwa n'Nàìjíríà níbí, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n gún pa ní Peckham, ní London, ní 2000, àwọn ni wọ́n ṣe alága ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò lórí ẹjọ́ ẹ̀. Ní 2005 wọ́n di Áṣíbíṣọ́ọ̀bù York, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nìkan ló ju ipò yẹn lọ, aláwọ̀ dúdú kankan ò sì tíì jẹ áṣíbíṣọ́ọ̀bù rí nínú Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ England ṣáájú wọn. Ní December 2007, lórí tẹlifíṣàn BBC, wọ́n bọ́ kọ́là funfun táwọn àlùfáà máa ń wọ̀ sọ́rùn, wọ́n mú àlùmọ́gàjí, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ lójú gbogbo ayé, wọ́n ní àwọn ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ títí Ààrẹ Mugabe á fi kúrò lórí oyè ní Zimbabwe. Ọdún mẹ́wàá gbáko! 2017 tí Mugabe lọ ni wọ́n tó wọ̀ ọ́ padà.

Ẹ má dí ọmọ yẹn lọ́wọ́, mà. Ẹ kàn jẹ́ kó lọ Law School ná, kó gba ìwé ẹ̀, lẹ́yìn náà kí fíkà yín mú un lọ bá bíṣọ́ọ̀bù, torí ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù lọ̀nà Immanuel College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà n'Íbàdàn, wà.