Kò sẹ́ni tó fẹ́ gé owó oṣù yín: ìtumọ̀ “cut some slack”

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ kan ní Màrínà, ní Erékùṣù Èkó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi pẹ́ kí n tó fi àkọsílẹ̀ ìnáwó oṣù tó kọjá ránṣẹ́, ọ̀gá mi sì kọ̀wé pé: “I'll cut you some slack this time, but you are not off the hook.” Ṣé wọ́n fẹ́ gé nínú owó oṣù mi ni? Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, wọn kò fẹ́ gé ohunkóhun. Ibi tí okùn ti dẹ̀, tí kò le mọ́, ni “slack”; nítorí náà, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti dẹ okùn fún yín díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń bẹ ọ̀gá pé kí ó dẹwọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Àmọ́ okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. “Hook” ni ìwọ̀ tí apẹja fi ń mú ẹja, ẹja tí wọ́n bá sì yọ lẹ́nu ìwọ̀ ti bọ́ pátápátá. Ẹ̀yin kò tíì bọ́. Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mo ń ṣe ní Yábàá, mo ti rí àwọn tó ka ìdajì irú gbólóhùn yìí, tí wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ má ṣe dúpẹ́ pé wọ́n “turn a blind eye”. Wọ́n ní nígbà ogun Copenhagen ní 1801, Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí ojú rẹ̀ tó fọ́, kí ó má baà rí àsíá tó ń pè é padà. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò lára àìdára ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, ẹ̀sùn ni yóò sì jọ létí ọ̀gá. “Benefit of the doubt”, ìyẹn kí a gba ẹni gbọ́ nígbà tí kò dájú pé ó ṣẹ̀, náà kò bá ọ̀rọ̀ yín mu, nítorí ibi tí iyèméjì bá wà ni ó ti wúlò, ó sì dájú pé iṣẹ́ yín pẹ́.

Ẹ dúpẹ́, ẹ gbà pé ó pẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí ti oṣù yìí yóò dé ọwọ́ wọn. Bí ẹ bá tún nílò àkókò, “please bear with me” ni kí ẹ kọ, nítorí èdè ojúgbà sí ojúgbà ni “cut me some slack”.