Báwo lèèyàn ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe táyà tòkunbọ̀ kó tó rà á?

Ẹ má wo bó ṣe ń dán o, wọ́n máa ń fi nǹkan pa á lára kó lè dúdú bíi tuntun. Ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni kẹ́ ẹ wò, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ yí táyà sódì kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé sí. Road Safety ní ká má lò ó kọjá ọdún mẹ́rin látìgbà tí wọ́n ṣe é, òmíì sì ti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé Òṣogbo rárá. Tó bá ti le gbagidi tàbí tó ti ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kódà kó má tíì jẹ. Tẹ́ ẹ bá gbé irú ẹ̀ sáré lọ́nà Gbọ̀ngán lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ẹrù, ó lè bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣí dọ́ọ̀ dírẹ́bà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.