Kó o tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti bá a ṣe táàsì, gba PTIN

Àbúrò mi, o ní Houston lo wà, pé ò ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣe táàsì, ìyẹn fọ́ọ̀mù owó orí wọn, ní dọ́là 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, o wá ń béèrè bóyá ìwọ tí kì í ṣe akáńtáǹtì nílò PTIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí IRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń fún ẹni tó ń gbowó ṣe táàsì fáwọn èèyàn. O nílò rẹ̀. Ohun tójú mi rí kó tó yé mi nìyí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú pálọ̀ mi ní Maryland, dọ́là 40 lórí fọ́ọ̀mù kan. Màá ṣe é tán, màá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá ní kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i, kó lọ fi ránṣẹ́. Nísàlẹ̀ ojú ewé kejì fọ́ọ̀mù 1040, ìyẹn fọ́ọ̀mù táàsì náà gan-an, àyè kan wà fún ẹni tó gbowó ṣe é: orúkọ, ìbuwọ́lùwé, PTIN. Òfìfo ni mò ń fi í sílẹ̀. Mo rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń bá wí.

Ìgbà tó yá, IRS kọ̀wé sí ìyá àgbà kan tí mo bá ṣe tirẹ̀, pé kó mú ẹ̀rí wá pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọọmọ rẹ̀ méjèèjì ń gbé. Wọ́n dá owó táàsì tó ń retí pé kí wọ́n dá padà fún un dúró ná. Ó wá bá mi, lẹ́tà náà wà nínú ọ̀rá, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi ṣàlàyé fún wọn." Kí ni mo fẹ́ sọ? Lórí ìwé yẹn, òun ló dá a ṣe. Èmi kò sí níbẹ̀ rárá. Ghost preparer ni wọ́n ń pe irú mi, iwin tó ṣiṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí dòní, ó ń dùn mí.

Láti ọdún 2011 ni ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó ṣe táàsì ìjọba àpapọ̀ ti gbọ́dọ̀ ní PTIN. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé o mọ iṣẹ́, torí náà má fi tan ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà fún ni pé kí wọ́n mọ ẹni tó ṣe é. Lẹ́tà P àti nọ́ńbà mẹ́jọ ni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Jẹ́ kí táàsì tìẹ tó o ṣe kẹ́yìn wà nítòsí, wọ́n á bi ọ́ lóhun tó wà níbẹ̀. Fún ọdún 2025, dọ́là 19.75 ni wọ́n gbà. Bó o bá béèrè rẹ̀ lórí ìwé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù W-12, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo PTIN ló ń kú ní December 31, nítorí náà ọdọọdún lo máa sọ ọ́ dọ̀tun.

Má sọ fún ara rẹ pé ẹ̀bùn ni wọ́n ń fún ọ. Bí ẹnì kan bá fún ọ ní nǹkan kékeré láìsí àdéhùn, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là 50 tí gbogbo ìjọ ti mọ̀, iye owó iṣẹ́ rẹ nìyẹn.

Bó o bá máa ṣe fọ́ọ̀mù táàsì mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, orí kọ̀ǹpútà lo gbọ́dọ̀ fi wọ́n ránṣẹ́, o sì nílò EFIN fún ìyẹn, nọ́ńbà tí IRS ń fún ẹni tó ń fi táàsì ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni sí PTIN. Wọn kì í gbowó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò, ó sì lè gbà tó ọjọ́ 45, má dúró di January. Texas kò ní kó o tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Àwa ní Maryland ń forúkọ sílẹ̀, a sì ń ṣe ìdánwò.

Ìyá àgbà yẹn padà wá lọ́dún kejì. Kó tó fọwọ́ sí i, ó ṣí ojú ewé kejì, ó fi ìka tọ ìsàlẹ̀, ó ní, "Orúkọ rẹ dà?" Mo fi hàn án.